Àgbádárìgì kì í ṣe ìrìn ọlọ́jọ́ kan

Láti àárọ̀ Sátidé ni inú ti ń bí mi. Alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa níbí ní Ìlọrin fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp: "Ìrìn-àjò ọlọ́jọ́ kan sí Àgbádárìgì. Mọ́tò á gbéra ní aago 4 ìdájí. A ó padà lọ́jọ́ kan náà. Ẹ tètè san owó." Kí n tó kà á tán, èèyàn mọ́kànlá ti pàtẹ́wọ́ sí i.

Ọjọ́ kan! Àgbádárìgì! Láti Ìlọrin!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú mọ́tò ti ọdún kẹta sẹ́yìn, ṣé ẹ ti gbàgbé ni? Aago 4 ìdájí náà ni wọ́n dá fún wa nígbà yẹn. A dúró de ẹni tó ń bọ̀ láti Ọ̀ffà, a tún dúró ra epo, aago 6 ti lù kí a tó kọjá Ẹyẹńkọrin. Ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ọ̀yọ́, gbogbo yín lẹ mọ bó ṣe máa ń rí. A dé Èkó, a há sí Mile 2, a tún há sí Òkokomaikò. Nígbà tí a kọjá Àgbárá tán tí a rò pé ó ti bùṣe, a ò mọ̀ pé ọ̀nà ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ kì í ṣe ọ̀nà tí èèyàn ń sáré lórí rẹ̀. Bí a bá rìn díẹ̀, wọ́n á dá wa dúró, wọ́n á bi awakọ̀ ohun tó kó. Aago 2 ọ̀sán ti kọjá dáadáa kí a tó fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Àgbádárìgì, ẹsẹ̀ àwọn àgbà inú mọ́tò sì ti wú.

Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù fún wa láti fi wo ìlú. A sáré wọ ọjà ẹrú Vlekete, tí àwọn ará ìlú ní láti 1502 ni wọ́n ti ń ná an. A sáré wọ ilé Seriki Williams Abass, ọkùnrin tí wọ́n kó lẹ́rú ní kékeré, tó dé Brazil, tó padà wálé, tó wá di ẹni tó ń ta ọmọ ọlọ́mọ. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn nìkan tó ohun tí èèyàn ń jókòó rò fún odidi ọ̀sán kan. Amọ̀nà ní yàrá 40 ló wà níbẹ̀, pé èèyàn 40 ni wọ́n ń há mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ní agboòrùn kan ṣoṣo, èèyàn 40 ni wọ́n ń fi rà á. Agboòrùn! Ó ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni ẹnì kan ti ń pariwo láti ìta pé ká jáde wá ya fọ́tò, àkókò ń lọ.

Gbogbo èyí ì bá rọrùn fún mi láti gbé mì. Èyí tí mi ò rí gbé mì ni ọ̀rọ̀ Màmá.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni Màmá, wọ́n ti lé ní 70 ọdún. Òmù-Àrán ni wọ́n wà, àmọ́ wọ́n wá sùn mọ́jú lọ́dọ̀ mi ní Táńkẹ̀ nítorí ìrìn-àjò yẹn. Ìtàn kan wà nílé wa. Àbúrò bàbá tó bí bàbá bàbá wọn, ọmọbìnrin kékeré, lọ pọn omi lódò lọ́jọ́ kan, kò padà wálé mọ́. Ìkòkò rẹ̀ ni wọ́n bá lójú ọ̀nà. Àwọn àgbà ní ó pẹ́ ṣáájú ogun Jálumi ti 1878. Orúkọ ọmọ náà ti sọnù, oríkì rẹ̀ gan-an ti sọnù. Odò yẹn ṣì wà, ibẹ̀ ni àwa náà ti ń lúwẹ̀ẹ́ nígbà tí a wà ní kékeré. Bóyá Àgbádárìgì ni wọ́n mú un gbà ni o, bóyá Èkó ni o, bóyá kò tiẹ̀ dé etí òkun kó tó kú ni o, kò sẹ́ni tó lè sọ. Màmá náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ibì kan wà tí àwọn tí wọ́n kó lọ ti fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ wa kẹ́yìn, wọ́n lọ sí odò náà, wọ́n bu omi sínú ìgò kékeré kan, wọ́n fi àkísà gèlè wé e. Wọ́n ní omi ni ọmọ náà lọ pọn, kò sì rí omi náà gbé délé. Àwọn á gbé e lọ bá a.

Ẹnì kan tó jókòó lẹ́yìn wa nínú mọ́tò rí ìgò náà, ó ní, "Ètùtù rèé o." Màmá, tó jẹ́ pé wọn kì í pa ìjọsìn ọjọ́ Ìsinmi jẹ! Wọn ò tiẹ̀ bínú. Wọ́n ní, "Omi lásán ni mo bù dání fún ọmọ ilé mi. Ẹ fi mí sílẹ̀."

Nígbà tí a dé etí ọ̀sà, oòrùn ti ń rọlẹ̀. Erékùṣù Gberefu wà ní òdìkejì, a ń wo igi àgbọn ibẹ̀ kedere. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó wọn gbà: wọ́n á fi ọkọ̀ tù wọ́n sọdá ọ̀sà, wọ́n á wá fi ẹsẹ̀ rìn lórí iyanrìn títí dé etí òkun gan-an, níbi tí ọkọ̀ òyìnbó ti ń dúró. Ibi àrèmábọ̀ ni. Amọ̀nà sọ fún wa pé kànga kan wà lójú ọ̀nà náà, pé wọ́n máa ń fún wọn lómi mu níbẹ̀ kí wọ́n lè gbàgbé ibi tí wọ́n ti wá. Bí Màmá ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ kànga yẹn, mo rí i tí wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ìgò wọn mú.

Ọlọ́kọ̀ ojú omi ní sísọdá kò pẹ́ rárá, pé ìrìn ẹsẹ̀ ló gba àkókò, bí ìdajì wákàtí ní àlọ nìkan. Alága wo aago. Awakọ̀ wo alága. Ó parí.

Mo sọ fún Màmá pé kí wọ́n da omi náà sínú ọ̀sà, mo ní á ṣàn débẹ̀. Wọ́n wò mí bí ẹni pé n kò gbọ́ ohunkóhun láti àárọ̀. Wọ́n ní, "Ọ̀sà nìyí. Òkun ni mo bá wá." Wọ́n dá ìgò padà sínú báàgì, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ wọ mọ́tò.

Ṣáájú kí a tó kúrò, a ya fọ́tò níwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1842, tí wọ́n parí rẹ̀ ní 1845. A ò wọlé. Inú mọ́tò ni mo ti ń sọ ìtàn Àjàyí Crowther fún Màmá, èyí tó yẹ kí wọ́n gbọ́ níbi tí ó ti ṣẹlẹ̀. Mo ní wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, wọ́n tà á títí tó fi dé Èkó, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lórí omi ní 1822, wọ́n gbé e lọ sí Sàró (Sierra Leone). Ní 1845 ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì yìí, ó ti di àlùfáà, ó sì dúró ju ọdún kan lọ kí ọ̀nà tó là fún wọn láti dé Abẹ́òkúta. Nígbà tó débẹ̀ ní 1846, ó rí ìyá rẹ̀.

Màmá ní, "Lẹ́yìn ọdún 25?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ìyá náà ṣì ń retí rẹ̀?"

Mi ò mọ èsì tí mo lè fọ̀ sí ìyẹn. Wọn ò sọ nǹkan kan mọ́ títí a fi kọjá Ìbàdàn. Táyà fọ́ lẹ́yìn Ọ̀yọ́, a dúró sínú òkùnkùn biribiri, lásìkò tí gbogbo ayé ń gbọ́ ìròyìn ajínigbé, oníkálukú ń gbàdúrà sínú. Aago 1 òru kọjá kí a tó wọ Ìlọrin. Ohun tí wọ́n tún fẹ́ ṣe nìyẹn!

Mo ti ń gbọ́ àwáwí wọn. Wọ́n ní owó hótẹ́ẹ̀lì ti pọ̀ jù. Wọ́n ní àwọn kan á ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yin náà lẹ rán aṣọ ẹgbẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún tó kọjá, owó aṣọ kan nínú méjèèjì tó owó ibi tí èèyàn lè sùn mọ́jú. Tó bá jẹ́ pé ìrìn ọlọ́jọ́ kan là ń wá lóòótọ́, ṣebí Èṣìẹ́ wà nítòsí Òmù-Àrán níbẹ̀? Àwọn ère òkúta tó lé ní 1,000, nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí ní 1945, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Èèyàn á lọ, á wò wọ́n lójú dáadáa, á sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Mélòó nínú wa ló ti débẹ̀?

Àgbádárìgì yàtọ̀. Ẹ jẹ́ ká gbéra ní àárọ̀ Fúráìdè, ká dé lálẹ́, ká sùn. Ní àárọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó mú, kí á ti sọdá lọ sí Gberefu, kí àwọn tí orúnkún ń dùn lè máa rọra rìn, ká dúró létí òkun bí ó ti wu kálukú. Lẹ́yìn ìyẹn ká wá wo ilé tí a bá fẹ́ wò. Ká sùn níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ká padà ní ọjọ́ Sọ́ńdè. Ẹni tí kò bá lè sùn mọ́jú níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kó jókòó sílé.

Báyìí ni mo ṣe kọ ọ́ fún ẹgbẹ́ lálẹ́ àná, mo fẹ́ fi ránṣẹ́. Mo ní kí n kọ́kọ́ pe Màmá, kí n sọ fún wọn pé a ò níí lọ àyàfi tí wọ́n bá yí ètò náà padà.

Màmá ní àwọn ti san owó. Wọ́n ní láti Sátidé ni àwọn ti fi rán ọmọ akọ̀wé.

Mo ní, "Màmá, ẹ ò ní rí òkun náà lọ́tẹ̀ yìí o. Bí wọ́n ṣe ṣe nígbà yẹn náà ni wọ́n á tún ṣe."

Wọ́n ní, "Bí wọ́n bá yí i padà, ìgbà wo ni a ó wá lọ? Lọ́dún tó ń bọ̀? Ìwọ lo ní ọdún tó ń bọ̀ lọ́wọ́."

Mi ò rí èsì fọ̀. Mo ní kí wọ́n fún mi di ọ̀la, kí n fi lọ bá alága sọ̀rọ̀, bóyá wọ́n á lè gbéra ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi gan-an ni mò ń pariwo ìrìn òru. Títí di ìsinsìnyí tí mò ń kọ èyí, ọ̀rọ̀ tí mo kọ fún ẹgbẹ́ ṣì wà nínú fóònù mi, mi ò fi ránṣẹ́, mi ò sì pa á rẹ́. Màmá ní àwọn ti da omi àtijọ́ nù, àwọn ti lọ bu òmíràn.