Ta ló sọ pé ẹ̀rọ ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ ní ICU, wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le gan-an?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ ní Abẹ́òkúta níbí, ní Kútọ̀ o, ní Pánṣẹ́kẹ́ o, ibi yòówù tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀ ẹni tó wà lórí fẹntilétọ̀: "ṣebí ẹ̀rọ ló ń bá a mí, kí ni nọ́ọ̀sì tún ń ṣe ju kó jókòó tì í?" Àwọn kan á tiẹ̀ ní nọ́ọ̀sì tó bá ṣáà ti wà nílẹ̀ ni kí wọ́n gbé síbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, irọ́ ni.

Ọ́síjìn tí wọ́n ń fi sí imú kọ́ là ń sọ o, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń da méjèèjì pọ̀. Fẹntilétọ̀ ń ti afẹ́fẹ́ wọnú ẹ̀dọ̀fóró ni, túùbù tí wọ́n kì bọ ọ̀nà ọ̀fun ló sì ń gbà, torí náà ẹni yẹn ò lè sọ̀rọ̀, ò lè wúkọ́ bó ṣe yẹ, itọ́ gan-an ò ṣeé gbé mì, gbogbo ẹ̀ ti bọ́ sọ́rùn nọ́ọ̀sì. Òun ló máa fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ jáde, kò sì gbọdọ̀ ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 15 lọ lẹ́ẹ̀kan, torí bó ṣe ń fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ló ń fa afẹ́fẹ́ aláìsàn náà jáde. Òun ló máa gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè tó dígírì 30 sí 45, táá fọ ẹnu fún un, kí itọ́ ẹlẹ́gbin má lọ di nìmóníà sí i lára. Bàlúùnù kékeré kan tún wà nídìí túùbù yẹn, tó bá rọ̀ jù, itọ́ á gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ wọlé, tó bá le jù, á dá egbò sí ọ̀nà èémí.

Aláàmù wá ńkọ́? Ẹni tí wọn ò kọ́, bọ́tìnnì tó ń pa á lẹ́nu mọ́ ló máa tẹ̀. Ẹni tí wọ́n kọ́ dáadáa á kọ́kọ́ wo aláìsàn kó tó wo ẹ̀rọ: ṣé àyà ń gbéra, ṣé apá méjèèjì dọ́gba, ṣé kì í ṣe pé ó ń gé túùbù jẹ, ṣé ọ̀pá ò ká, àbí ó ti yọ. Tí ò bá tètè rí ìdí ẹ̀ tí aláìsàn sì ń burú sí i, á yọ ọ́ kúrò lára ẹ̀rọ, á máa fọwọ́ tẹ Ambu bag, báàgì tó ń ti afẹ́fẹ́ wọlé, fún un, á figbe pe dókítà. Pẹ̀lú NEPA wa yìí, bẹ́ẹ̀dì tí Ambu bag ò bá sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, èmi ò ní gbà kí wọ́n tẹ́ ẹbí mi sí i.

Àní ọwọ́ èèyàn ni ICU fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1952 tí pólíò jà ní Copenhagen, ní Denmark, ẹ̀rọ ò tó rárá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn bí 1,500 ló ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn tọ̀sán tòru, tí wọ́n ń tẹ báàgì kí àwọn aláìsàn lè máa mí.

Kọ́ọ̀sì post-basic, ìyẹn ẹ̀kọ́ àfikún fún ẹni tó ti di nọ́ọ̀sì, wà fún nọ́ọ̀sì tó fẹ́ mọ iṣẹ́ ICU dunjú. Sẹ́mínà ọjọ́ kan tí wọ́n á jẹ ráìsì, tí wọ́n á gba sátífíkéètì, èmi ò ka ìyẹn sí ẹ̀kọ́, ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, lọ́wọ́ ẹni tó ti mọ̀ ọ́n. A máa ń yangàn pé ilé ìwòsàn Sacred Heart ní Láńtòrò ti wà láti 1895, ó sì tọ́ ká yangàn, ṣùgbọ́n níbikíbi tí wọ́n bá ti ń gé ríbọ́ọ̀nù lórí fẹntilétọ̀ tuntun, ẹ bi wọ́n pé nọ́ọ̀sì mélòó ni wọ́n rán lọ kọ́ ọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá sì lọ wo èèyàn yín, ẹ bá a sọ̀rọ̀ o, ẹ dárúkọ ẹ̀, torí àwọn míì ń gbọ́ bí ojú wọn tiẹ̀ dì. Tí aláàmù bá dún, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ pe nọ́ọ̀sì.