Síso AI mọ́ katalọ́ọ̀gì kò sọ ọ́ di ẹni tó mọ iṣẹ́ yín

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi ìpàdé kan ní Yábàá, ọ̀gá kan dìde, ó ní kí a má wulẹ̀ yọ ara wa lẹ́nu mọ́. Ó ní nígbà tí a ti so AI mọ́ katalọ́ọ̀gì, ìyẹn àkọsílẹ̀ gbogbo service (ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe iṣẹ́ kan pàtó) tí a ní, AI ti mọ gbogbo wọn, ó mọ ẹni tó ni wọ́n, ó sì mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbára lé. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Inú bí mi gan-an. Láti Yábàá títí dé Victoria Island, ọ̀rọ̀ yìí ti di orin lẹ́nu àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwíà, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe òótọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. MCP (Model Context Protocol) ni ọ̀pọ̀ ń lò láti so wọ́n pọ̀, ìlànà síso AI mọ́ àwọn irinṣẹ́ mìíràn tí Anthropic, ilé iṣẹ́ AI kan, gbé jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024. Tí ẹ bá bi AI ní ìbéèrè, á ránṣẹ́ sí server, ètò kan tó wà níwájú katalọ́ọ̀gì, server á wá inú katalọ́ọ̀gì náà, á sì kó ohun tó bá rí fún un. AI á kà á, á fi dá yín lóhùn. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Síso nìkan kò kọ́ AI ní ohunkóhun nípa ilé iṣẹ́ yín. Ohun tí ẹnì kan kọ sílẹ̀ ló ń kà.

Ta ló wá kọ ọ́? Ẹ wo Backstage, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ṣe irú katalọ́ọ̀gì bẹ́ẹ̀, tí Spotify ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé lọ́dún 2020. Fáìlì kan tó ń jẹ́ catalog-info.yaml ló sábà máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòdù. Àwa èèyàn là ń kọ owner (ẹni tó ni service), lifecycle (ipò tó wà) àti dependsOn (ohun tó gbára lé) síbẹ̀. Tí tíìmù bá tú ká, fáìlì yẹn kò ní gbọ́. Service tí ẹ ti pa, tí ẹ kọ production (pé ó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn tó ń lò ó) sí níwájú lifecycle rẹ̀, production ni yóò máa jẹ́ títí ẹnì kan yóò fi lọ yí i padà.

Ojú mi ló ṣe. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ní Mainland, service tó ń fi risíìtì ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà dákú lálẹ́ ọjọ́ owó oṣù. Ọmọkùnrin tó wà lẹ́nu iṣẹ́ bi AI pé ta ló ni ín. Kíá, ó dárúkọ tíìmù kan, ó tún fún un ní chat wọn. Ọmọ náà kọ̀wé síbẹ̀, ó dúró, kò sẹ́ni tó fèsì. Tíìmù yẹn ti tú ká tipẹ́, àwọn kan nínú wọn ti wà ní Kánádà. Ó tún bi í pé kí ni service náà gbára lé. AI ní database kan ṣoṣo ni, torí òun nìkan ló wà lábẹ́ dependsOn.

Nígbà tó yá, a pe ẹ̀gbọ́n kan tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbì kankan nínú fáìlì náà. Inú gosíló lórí Third Mainland Bridge ló wà. “Ẹ wo queue yẹn, ó ti kún. Worker rẹ̀ ti kú, ẹ tún un tan.” A tún un tan, risíìtì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Queue tó sọ yìí, ìlà tí iṣẹ́ ti ń dúró de worker, ètò tó ń ṣe wọ́n, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sí katalọ́ọ̀gì rí.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé nígbà tí a ń fi ojú ara wa ka fáìlì, a máa ń rí i pé ó ti gbó, a ó sì fura. Ní báyìí AI á fi ìgboyà sọ ọ́, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Èkó tó ń júwe ọ̀nà Ìdúmọ̀tà fún èèyàn.

Àwọn kan á ní AI á ka kóòdù fúnra rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́! Kóòdù wo ló ń sọ ẹni tí a máa jí lóru? Mo gbà pé níbi tí katalọ́ọ̀gì bá ti péye, ó ń bá wa wá nǹkan kíákíá. Mélòó ló péye?

Níbi tí mo wà báyìí, kò sí tíìmù tó lè tú ká láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ yí owner gbogbo service wọn padà. A sì ti ṣe é kí ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ kan fáìlì kẹ́yìn máa bá ìdáhùn AI wá. Tó bá ti ju oṣù mẹ́fà lọ, èèyàn la máa ń pè.