“No recourse to public funds” kò ní kí ọmọ yín má jẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀

Kò sí ìdílé Yorùbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé England tí kì í gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́: “Físà yín ní No recourse to public funds, ẹ kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìrànwọ́ ìjọba. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan ìjọba kankan o, tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, wọn ò ní fún yín ní físà mìíràn.” Wọ́n á gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó wá pàdé wọn ní pápákọ̀ òfuurufú. Láti ọjọ́ náà ni ìyá á ti máa ṣiṣẹ́ alẹ́, tí bàbá á máa ṣe ti ọ̀sán, kí ẹnì kan ṣáà lè wà nílé ti ọmọ. Ó dùn wá, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wàhálà yẹn kò yẹ kó ṣẹlẹ̀.

“Public funds” kì í ṣe gbogbo ohun tí ìjọba bá náwó lé lórí. Orúkọ àkójọ kan ni nínú òfin ìwọ̀lú, wọ́n sì dárúkọ ohun tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: Child Benefit (owó ọmọ), Universal Credit (owó ìrànwọ́ fún ẹni tí owó rẹ̀ kò tó), Housing Benefit (ìrànwọ́ owó ilé), ilé káńsù, ìyẹn ilé ìjọba ìbílẹ̀, àti irú wọn. Ohun tí kò bá sí níbẹ̀ kì í ṣe public funds. Ilé-ìwé ìjọba kò sí níbẹ̀. Wákàtí ọ̀fẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta kò sí níbẹ̀. Owó ìsinmi ìbímọ kò sí níbẹ̀. (England là ń sọ, Scotland àti Wales ní ètò tiwọn fún nọ́sìrì.)

Orí nọ́sìrì ni ọ̀rọ̀ ti ń dàrú jù, torí oríṣi wákàtí ọ̀fẹ́ méjì tí orúkọ wọn jọra ló wà. Èkíní ni 30 wákàtí lọ́sẹ̀ fún òbí tó ń ṣiṣẹ́. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń béèrè rẹ̀ kí wọ́n lè gba nọ́ńbà kan, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń wádìí bóyá òbí ní ẹ̀tọ́ sí public funds. Bí bàbá àti ìyá kò bá ní in, wọn ò ní rí i gbà. Ojú ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń pa kọ̀ǹpútà dé, tí wọ́n á ní ó ti parí.

Kò tíì parí. Èkejì ni 15 wákàtí fún gbogbo ọmọ ọdún mẹ́ta àti mẹ́rin. Ti ọmọ ni eléyìí: kò sí ẹni tó ń béèrè iṣẹ́ yín, owó oṣù yín tàbí físà yín. Kò gba nọ́ńbà kankan. Ẹ mú ìwé ìbí tàbí páásípọ́ọ̀tù ọmọ lọ sí nọ́sìrì, ẹ ní “universal 15 hours” lẹ bá wá. Bí ẹni tó dá yín lóhùn bá ní kí ẹ lọ mú nọ́ńbà wá, ti 30 ló ń sọ; ẹ rọra ní kó bi káńsù.

Ọjọ́ ìbí ṣe pàtàkì níbí. Kì í ṣe ọjọ́ tí ọmọ pé ọdún mẹ́ta ló ń bẹ̀rẹ̀, táàmù tó tẹ̀ lé e ni. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta 2023 á bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin 2026. Èyí tí wọ́n bí ní ọjọ́ 2 oṣù kẹrin 2023 á dúró di oṣù kẹsàn-án. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló wà láàárín wọn, ìdílé kejì sì máa fi gbogbo táàmù kan sanwó.

Ọ̀sẹ̀ 38 lọ́dún ni 15 wákàtí yìí, ìyẹn wákàtí 570. Ìgbà ìsinmi kò sí nínú rẹ̀. Ká ní ọmọ ń lo wákàtí 40 lọ́sẹ̀, tí nọ́sìrì ń gba £7 ní wákàtí: £175 lẹ máa san lọ́sẹ̀ tí ilé-ìwé bá wọlé, £280 lọ́sẹ̀ ìsinmi. Ẹni tí kò ṣírò èyí tẹ́lẹ̀ ló ń sáré yáwó lóṣù kẹjọ. Àwọn nọ́sìrì kan máa ń pín 570 yẹn ká ọ̀sẹ̀ 51, á wá jẹ́ bíi wákàtí 11 lọ́sẹ̀, kí owó lè dọ́gba. Ẹ béèrè kí ẹ tó fọwọ́ síwèé.

Ọmọ ọdún méjì náà lè rí 15 wákàtí gbà bí owó tó ń wọlé kò bá pọ̀. Òṣùwọ̀n wà fún ẹ̀yin tí físà yín ní gbólóhùn yẹn gan-an: fún ọlọ́mọ kan, kò gbọdọ̀ ju £26,500 lọ́dún, tàbí £34,500 ní London, fún ọlọ́mọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀, £30,600 tàbí £38,600. Owó tó wà nípamọ́ kò sì gbọdọ̀ ju £16,000. Káńsù lẹ ti máa béèrè.

Ti ilé-ìwé ìjọba kò ṣòro. Ọmọ tó bá yín wá lórí físà yín lè wọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ẹ bá dé láàárín ọdún, ẹ gba fọ́ọ̀mù “in-year” lọ́wọ́ káńsù, ẹ fi ìwé ilé tí ẹ rẹ́ǹtì tì í. Ẹ má kọ ilé-ìwé kan ṣoṣo. Bó bá kún, ibi tó jìnnà ni wọ́n lè jù yín sí. Oúnjẹ ọ̀sán sì jẹ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ Reception, Year 1 àti Year 2, ìyẹn kíláàsì mẹ́ta àkọ́kọ́.

Aláboyún tó ń ṣiṣẹ́, ẹ gba ìwé MATB1, tó ń jẹ́rìí sí oyún, lọ́wọ́ agbẹ̀bí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20. Ẹni tó bá ti ṣe ọ̀sẹ̀ 26 lẹ́nu iṣẹ́ kan náà kí ó tó ku ọ̀sẹ̀ 15 tó máa bímọ, tí owó rẹ̀ sì tó, á gba owó ìsinmi ìbímọ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 39: ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà iye kan lọ́sẹ̀ (£187.18 ló jẹ́ ní 2025/26), tàbí ìdá 90 yẹn bó bá kéré sí i. Ẹni tó gba iṣẹ́ tuntun pẹ̀lú oyún máa ń pàdánù èyí. Kí ó gba fọ́ọ̀mù SMP1, tó ń sọ ìdí tí ọ̀gá rẹ̀ kò fi ní san án, lọ́wọ́ ọ̀gá náà, kó fi béèrè Maternity Allowance, owó ìbímọ tí ìjọba ń san. Òun náà kì í ṣe public funds, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ́fíìsì tó ń san Universal Credit ló ń san án.

Child Benefit ni kí ẹ sá fún. Ọ̀rẹ́ á ní gbogbo ọlọ́mọ ló ń gbà á, àti pé ọmọ tí ẹ bí síbí ti di ọmọ onílẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀: bí òbí méjèèjì bá wà lórí físà, ọmọ náà kò di ọmọ onílẹ̀ nítorí pé ibí ni wọ́n bí i sí. Bí ọ̀kan nínú yín bá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà tàbí tó ní ìwé ìgbélùú títí láé, òun ni kó béèrè. Bí ẹ bá sì ti gbà á láìmọ̀, ẹ pe HMRC, ọ́fíìsì owó orí tó ń san án, kí wọ́n dá a dúró, kí ẹ sì rí agbẹjọ́rò tó mọ òfin ìwọ̀lú kí ẹ tó kọ̀wé fún físà tó kàn.