Sudoku kì í ṣe ìṣirò

"Orí mi ò gba ìṣirò, ẹ má fi Sudoku hàn mí." Àìmọye ìgbà ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó sì máa ń dùn mí, torí ẹ̀rù tí kò nídìí ni onítọ̀hún fi ń du ara rẹ̀ ní ohun tí ì bá gbádùn. Ó ṣí géèmù náà lórí fóònù, ó rí nọ́ńbà, kíláàsì ìṣirò sọ sí i lọ́kàn, ló bá pa á dé.

Kí ni géèmù náà tiẹ̀ ń béèrè? Ojú 81, ìyẹn àyè kéékèèké tí à ń kọ nọ́ńbà sí, ló wà níbẹ̀, wọ́n sì ti kọ nọ́ńbà sínú díẹ̀ lára wọn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ìlà mẹ́sàn-án ní ìbú, mẹ́sàn-án ní òòró, àti àpótí mẹ́sàn-án tó gba ojú mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án. Nọ́ńbà 1 dé 9 gbọ́dọ̀ pé sórí ìlà kọ̀ọ̀kan àti sínú àpótí kọ̀ọ̀kan, kí ìkankan má ṣe wáyé lẹ́ẹ̀mejì. Òfin tán. Kò sí àròpọ̀, kò sí àyọkúrò.

Ká ní ẹ ń wá ibi tí 7 máa jókòó sí nínú àpótí kan. Ìlà tó gba òkè àpótí náà kọjá ti ní 7 tirẹ̀ níbòmíràn, ìlà tó gba ìsàlẹ̀ náà ti ní. Ìlà àárín nìkan ló kù. Nínú ojú mẹ́ta tó wà láàárín yẹn, nọ́ńbà ti wà nínú méjì. Ojú kẹta ni 7 wà, kò tún sí ibòmíràn. Ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ tó sọnù ń ronú báyìí gan-an: kò sí lórí tábìlì, kò sí nínú àpò, a jẹ́ pé ẹnu ilẹ̀kùn ni mo gbàgbé ẹ sí.

Àmì lásán ni àwọn nọ́ńbà yẹn. Ẹ fi A rọ́pò 1, kí ẹ fi B rọ́pò 2, títí dé I, géèmù náà ò ní yí padà rárá. Kódà nígbà tí onímọ̀ ìṣirò Leonhard Euler ń ṣèwádìí irú àtẹ báyìí ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, lẹ́tà Latin ló ń kọ sínú wọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n ṣì fi ń pè wọ́n ní àtẹ Latin.

Òótọ́ ni pé àwọn onímọ̀ ìṣirò fẹ́ràn Sudoku. Ní 2012, Gary McGuire àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Dublin fi kọ̀ǹpútà fìdí ẹ̀ múlẹ̀ pé bí nọ́ńbà tí wọ́n kọ́kọ́ fún èèyàn ò bá tó 17, ìdáhùn rẹ̀ ò lè jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Iṣẹ́ ìṣirò gidi nìyẹn. Ẹni tó jókòó ti fóònù rẹ̀ ò nílò rẹ̀.

Mi ò ní sọ pé gbogbo géèmù onínọ́ńbà ló rí bẹ́ẹ̀ o. Àròpọ̀ wà nínú Kakuro, KenKen tún fi ìsọdipúpọ̀ àti pínpín kún un. Ṣùgbọ́n 2048, tí Gabriele Cirulli gbé jáde ní 2014, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń sá fún nítorí nọ́ńbà ńláńlá inú rẹ̀, kò le tó bẹ́ẹ̀: kéèyàn ṣáà mọ̀ pé méjì tó bára mu ló ń para pọ̀ di ọ̀kan.

Sudoku olójú 16 wà fáwọn ọmọdé, àwòrán mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀ dípò nọ́ńbà. Ọmọ tí kò tíì lè kà dé mẹ́wàá ń yanjú ẹ̀.