Fífi nọ́ńbà kan dán an wò kò sọ ọ́ di òótọ́

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Bàbá ọmọ kan tí mò ń kọ́ ní lẹ́sìn níbí ní Ìkòròdú tún ti sọ fún un pé: "Tí wọ́n bá ti bi ọ́ ní òótọ́ tàbí irọ́ nínú áljẹ́bírà, fi nọ́ńbà kan rọ́pò lẹ́tà. Tó bá ti dọ́gba, òótọ́ ni." Ni ọmọ bá kọ "òótọ́" sí iwájú (a + b)² = a² + b².

Ó fi 3 sí a, ó fi 0 sí b. 9 níhìn-ín, 9 lọ́hùn-ún. Gbogbo ìgbà tí mo bá ń mákì ni mo ń rí i: 0 àti 1 ni wọ́n máa ń sá bá, torí wọn ò ní wàhálà. Àwọn yẹn gan-an ló sì ń bo irọ́ mọ́lẹ̀ jù.

Ẹ jẹ́ ká lo ilẹ̀, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ò kúkú ṣàjèjì sí ará Ìkòròdú. Ilẹ̀ yín jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 lóòró, 50 níbùú. Ẹ ra 10 kún òró, ẹ ra 10 kún ìbú. 60 lọ́nà 60 jẹ́ 3,600. Ṣùgbọ́n 50² àti 10² para pọ̀ jẹ́ 2,600 péré. Níbo ni 1,000 wà? Ó wà nínú ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan 50 lọ́nà 10. Òun ni 2ab tí ọmọ náà ò kọ. Ẹ bi ọmọ onílẹ̀ wò bóyá ó máa fi ta yín lọ́rẹ.

Ẹlòmíì á ní ká kàn dán nọ́ńbà púpọ̀ wò. Ó dáa. Ẹ mú n² − n + 41. Ẹ fi 1 sí n, ẹ máa rí 41. Ẹ fi 2, ó di 43. Ẹ fi 3, ó di 47. Kò sí èyí tó ṣeé pín láìṣẹ́kù nínú wọn àfi pẹ̀lú 1 àti ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí dé 40, kò kùnà lẹ́ẹ̀kan. Leonhard Euler, onímọ̀ ìṣirò, ló gbé e jáde ní 1772. Ẹ wá fi 41 sí i: 1,681 ló jáde, 41 lọ́nà 41 sì ni. Ó ti bàjẹ́. Nọ́ńbà kan tó kọ̀ ti tó láti kọ "irọ́". Ogójì tó gbà ò tó láti kọ "òótọ́". Àfi kéèyàn tú àkámọ́ palẹ̀, bíi ti (a + b)² yẹn.

Wọ́n ní àsìkò kì í tó nínú ìdánwò. Kí wọ́n fo ìbéèrè náà nígbà yẹn. Mo gbà ṣá pé tó bá jẹ́ x nìkan ló wà níbẹ̀, tí kò sí x², tí a ò sì fi x pín nǹkan kan, nọ́ńbà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó.

Àìsàn kan náà ló ń ṣe iṣẹ́ Yorùbá wọn. Wọ́n ti há a sórí pé tí ohun tí kì í ṣe èèyàn bá ti ń ṣe nǹkan, ìfohunpènìyàn ni, ìyẹn fífún ohun tí kì í ṣe èèyàn ní ìwà èèyàn. "Òòrùn ń ràn" wá di ìfohunpènìyàn! Kí ni ẹ fẹ́ kí òòrùn máa ṣe? Ajá tó ń gbó lẹ́yìn géètì ò sí níbẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n tí ọlọ́kọ̀ ojú omi bá ní ọ̀sà ń bínú láàárọ̀ yìí, pé ó ti fárí gá pé ọkọ̀ kankan ò ní kọjá lọ sí Èkó, ìyẹn ni kí wọ́n mákì.