Ẹ Jẹ́ Ká Kọ́ Àwọn Olùtọ́jú Ọ̀rọ̀ Sísọ Nílé

Ìyá aládìrẹ kan ní Ìtọ́kù l'Abẹ́òkúta lè bọ́ lọ́wọ́ àìsàn rọlápá-rọlẹ́sẹ̀, kí apá àti ẹsẹ̀ padà bọ̀ sípò, kí ọ̀rọ̀ má jàjà jáde. Ó mọ oníbàárà, ó mọ iye tó fẹ́ ta aṣọ, ẹnu ló kọ̀. Àwọn ará ilé á ní ayé ló dì í lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ibi tó ń to èdè nínú ọpọlọ ló fara pa, àwọn olùtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ sì wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ni láti dá irú ìyá bẹ́ẹ̀ padà sínú ọ̀rọ̀. Àwọn náà ló ń tọ́jú akólòlò, ọmọ tí kò tètè sọ̀rọ̀, àti aláìsàn tí ẹ̀kọ mímu ń pá lórí.

Wọn ò pọ̀ tó lọ́dọ̀ wa rárá. Ní Amẹ́ríkà, èèyàn gbọ́dọ̀ gboyè másítà, kó sì lo 400 wákàtí nínú iṣẹ́ ìtọ́jú lábẹ́ ọ̀gá, kí ọwọ́ rẹ̀ tó tẹ ìwé ẹ̀rí ẹgbẹ́ wọn. Yunifásítì Ìbàdàn ń kọ́ni níṣẹ́ yìí nílé níbí. Kí ló dé tí Ìpínlẹ̀ Ògùn, tó ní yunifásítì tirẹ̀ l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè àti ilé ìwòsàn ìkọ́ni ní Ṣàgámù, á fi ìyẹn sílẹ̀ fún Ìbàdàn nìkan?

Ìwádìí gan-an ló ká wa lára jù. Ìdánwò ọ̀rọ̀ sísọ tí wọ́n ṣe fún ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kò ní wá "gb" rárá, torí èdè wọn ò ní in. Ọmọ Láfẹ́nwá tó ń pe "gbogbo" ní "bobo" á gba máàkì kíkún níbẹ̀. (Ìyá ẹ̀ ti mọ̀ tipẹ́ pé nǹkan ń ṣe ọmọ o!) Ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ńkọ́? Aláìsàn fẹ́ pe ọkọ̀, "ọkọ" ló jáde; irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ kò ní gbọ́ ìyàtọ̀. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá dénú ló lè ṣe tiwa, ẹ̀kọ́ másítà àti ọ̀mọ̀wé ló sì ń bí irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Wọ́n á ní tí a bá kọ́ wọn tán, wọ́n á já pa lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn kan á lọ lóòótọ́. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ san owó ilé-ìwé wọn, kí wọ́n sì tọwọ́ bọ̀wé pé àwọn á kọ́kọ́ sìn l'Abẹ́òkúta fún ọdún mélòó kan. Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ Òkè-Mosàn, ibùjókòó ìjọba ìpínlẹ̀, ni kí owó ẹ̀kọ́ yìí wọ ìṣúná ọdún tó ń bọ̀, kí yunifásítì ìpínlẹ̀ náà sì tètè kọ̀wé gbàṣẹ lọ́wọ́ NUC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn yunifásítì.