Omi kejì ni kí ẹ fi dá tíì eléèéfín lẹ́jọ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbóòórùn Lapsang Souchong lẹ́ẹ̀kan, tẹ́ ẹ gbé ife sílẹ̀, tẹ́ ẹ ní èéfín lásán ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un mu. Ní tèmi, imú kọ́ ló yẹ kó dá tíì yìí lẹ́jọ́. Ẹ jẹ́ kó di omi kejì ná, ìyẹn omi gbígbóná tí a tún dà lé ewé kan náà lẹ́yìn tí a ti sẹ́ ti àkọ́kọ́ mu.

Òkè Wuyi, ní ìpínlẹ̀ Fujian lórílẹ̀-èdè Ṣáínà, ni tíì yìí ti wá, lábúlé kan tó ń jẹ́ Tongmu. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé òun ni tíì dúdú àkọ́kọ́ láyé. Ilé onípákó alájà mélòó kan ni wọ́n ń lò fún un. Wọ́n á dá iná igi páìnì sísàlẹ̀, ooru àti èéfín á máa gba àárín pákó gòkè lọ bá ewé tí wọ́n tẹ́ sókè. Òjò àti kùrukùru pọ̀ lórí òkè yẹn, iná ló ń bá wọn mú kí ewé rọ. Wọ́n á wá lọ́ ọ, wọ́n á jẹ́ kó pọ́n, wọ́n á sì tún gbé e padà sínú èéfín kó lè gbẹ.

Èéfín lè bo àléébù mọ́lẹ̀, mi ò jiyàn. Ẹni tó ń ra ẹja kíkà lọ́jà mọ̀ pé ẹja tó ti ń rà kí wọ́n tó yan án ṣì lè máa ta sánsán. Ìgbà tó bá dẹ́nu ni àṣírí máa tú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ Lapsang olówó pọ́ọ́kú rí. Omi àkọ́kọ́ á máa rùn bí ọ̀dà, omi kejì á tẹ́ lẹ́nu pátápátá.

Èyí tí mo mu láìpẹ́ yìí, ewé rẹ̀ dúdú, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó lọ́ mọ́ra. Mo bu ṣíbí kékeré kan, mo da omi gbígbóná lé e, mo sì tètè sẹ́ ẹ. Ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó mọ́ gaara. Èéfín ló kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀. Nígbà tí mo da omi kejì sí i, èéfín rọra fà sẹ́yìn, adùn èso gbígbẹ kan wá yọjú (lóńgánì ni àwọn ará Ṣáínà máa ń fi wé), ó sì pẹ́ lọ́nà ọ̀fun mi. Ẹ má fi mílíìkì bà á jẹ́ o. Bó bá jẹ́ ṣúgà lẹ máa fi gbé e mì, ewé ọ̀hún ni kò dáa.

Ohun kan ń ká mi lára. Ọdún 2005 ni tíì dúdú mìíràn tó ń jẹ́ Jin Jun Mei dé ní Tongmu yẹn kan náà, ọ̀mùnú ewé nìkan, kò rí èéfín rárá, owó gọbọi sì ni wọ́n ń tà á. Yúróòpù náà ti fi òfin dé anthraquinone, kẹ́míkà tí èéfín igi lè kó sí ewé lára: mílígíráàmù 0.02 péré nínú kílò tíì kan. Ìlera ṣe kókó, mi ò ní kí wọ́n fagi lé òfin. Àmọ́ àwọn tó mọ iná yìí dá ṣì wà, iṣẹ́ ọwọ́ wọn sì yẹ lóhun tí à ń náwó lé lórí. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ bi ẹni tó ń tà á bóyá Tongmu ni wọ́n ti já ewé rẹ̀, kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ ra díẹ̀ tọ́ wò.